Òdo Láti Òkè Dé Ìsàlẹ̀: Sí Ìyá Mi, Lórí Omi Ìwáyà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò wa. Mo mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ báyìí ẹ ó ti kó èlùbọ́ tí ẹ sá kúrò lórí àpáta, ẹ ó sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ibẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí láti kí yín. Mo kí Bàbá wa, kí Ọlọ́run bá wa fi àlàáfíà sí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Àdìó, torí mo mọ̀ pé àwọn ni wọn yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí wọ́n jọ̀wọ́ rọra kà á, kí wọ́n má fo ibì kankan. Mo kí ìyàwó wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ọwọ́ lómi.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí ọ̀rọ̀ mi. Ìyá Mùlíkà tó ń kó aṣọ láti Èkó wá sílé ló sọ fún yín pé ọmọ yín Fọlákẹ́ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n tilẹ̀ gbàdúrà lé orúkọ mi. Bí mo bá kọ̀wé sí ẹ̀yin nìkan, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó gbọ́, àwọn tó ti gbọ́ ti Ìyá Mùlíkà yóò sì wà níbi tí wọ́n wà. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síta nìyẹn. Ìyá Mùlíkà kò purọ́. Ó kàn gbọ́ apá kan ni.

Kí n tó dé ibẹ̀, ara mi le. Yàrá kan ni mo gbà ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí pápá ìṣeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, ariwo àwọn èèyàn máa ń wọlé bí ìjì, fèrèsé á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọn kò bá gbá, pápá náà a dá wáí, n kò sì mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Èèyàn kún ilé tí mò ń gbé fọ́fọ́, gbogbo wa là ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan náà láàárọ̀, síbẹ̀ ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnì kan tó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Nǹkan ti wọ́n, ṣùgbọ́n mò ń jẹun. Òjò ni kò jẹ́ ká gbádùn. Lọ́dún yìí, òjò kò fẹ́ dá rárá. Ní Múṣin, mo rí obìnrin kan tó gbé àga sórí tábìlì, tó sì jókòó sórí rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, tó ń fọwọ́ lẹ́rán wo omi.

Iléeṣẹ́ wa wà ní Yábàá. Iṣẹ́ wa ni láti mọ bí omi ọ̀sà ṣe ń ga àti bó ṣe ń lọ sílẹ̀ káàkiri etí Èkó, kí àwọn aláṣẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn tó ń gbé létí omi kó kúrò kí omi tó ká wọn mọ́lé. Yàrá tí kọ̀ǹpútà wà tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́, torí ẹ̀rọ náà kò fẹ́ ooru. Nínú oòrùn Èkó, súwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀. Ẹ̀rọ náà kò lójú, kò lẹ́nu. Ohun tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan tí pépà gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá tẹ àṣẹ kan tán, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ìdákẹ́ díẹ̀ yẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá béèrè ọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, tí kò mọ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀.

Inú ohun tí à ń pè ní fáìlì ni àwọn nọ́ńbà wa wà. Ìlà kan ni ọjọ́ kan. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ló ṣáájú, gíga omi láàárọ̀ tẹ̀lé e, gíga omi nírọ̀lẹ́ ló kẹ́yìn. Bí ìlà bá ti pọ̀, tí ẹ bá wò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, nọ́ńbà àárọ̀ á tò lórí ara wọn bí òpó ilé, ti ìrọ̀lẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Òpó náà la sì ń pè wọ́n. N kì í fọwọ́ ṣírò wọn. Mo kàn máa tẹ àṣẹ tó túmọ̀ sí pé: mú òpó kẹta, yọ òpó kejì kúrò nínú rẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ìlà, ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o sì sọ iye rẹ̀ fún mi nígbà tí o bá dé ìparí. Mo tún lè so àṣẹ méjì pọ̀, kí ohun tí èkíní bá ṣe tán bọ́ sọ́wọ́ èkejì, bí ìgbà tí ẹ̀yin bá ń bó ẹ̀gẹ́, tí Àǹtí mi ń gbà á lọ́wọ́ yín láti rin ín. Gbogbo ohun tí ọmọ yín ń ṣe nídìí ẹ̀rọ kò ju ìyẹn lọ: ríro òpó pọ̀, yíyọ òpó kan kúrò lára èkejì.

Àwọn tó ń bá wa wo omi kì í ṣe ará ọ́fíìsì. Ní Ìwáyà, Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣówándé ni. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, apẹja sì ni wọ́n. Igi gíga kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Igi ìwọ̀n là ń pè é. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni Bàbá máa ń wa ọkọ̀ wọn lọ sídìí igi náà láti wo ibi tí omi dé. Láràárọ̀, wọn á wá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó nítòsí, níbi tí tẹlifóònù wà, wọn á pè mí. N kò fojú kàn wọ́n rí. Ohùn wọn nìkan ni mo mọ̀, ohùn tó rẹlẹ̀, tí kì í yára. Kí wọ́n tó ka nọ́ńbà, wọn á ní, “Ọmọ mi, omi ní kí n kí ọ.” Lẹ́yìn náà wọn á béèrè yín, wọn á béèrè bóyá mo ti jẹun. Ìyá mi, láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè mí ní ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí òjò le, ọ̀gá wa, Ọ̀gá Bámgbóyè, ní kí n wo omi ọdún yìí mọ́ ti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní nǹkan kan kò yé àwọn. Gbogbo ibi tí a ti ń wo omi ló ń sọ pé omi ń ga, Ìwáyà nìkan ló ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n tilẹ̀ ti kọ̀wé sókè pé kí àwọn ará Ìwáyà má ṣèyọnu, kò sídìí tí wọn yóò fi kó kúrò. Mo jókòó. Mo tẹ àṣẹ kan tó to fáìlì ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìlà ń wo ìlà. Mo so àṣẹ kejì mọ́ ọn pé kí ó yọ omi àárọ̀ ọdún tó kọjá kúrò nínú omi àárọ̀ ọdún yìí, kó sì tẹ ohun tó bá kù.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀.

Lápá òkè, nọ́ńbà oríṣiríṣi ni, èyí tó ga, èyí tó kéré, bí omi ṣe máa ń rí. Nígbà tó ṣe, ó tẹ òdo. Ìlà tó tẹ̀ lé e, òdo. Èyí tó tẹ̀ lé e, òdo. Pépà náà ń jáde, ó ń ká lórí ẹsẹ̀ mi, òdo nìkan ló ń tẹ̀, láti ibẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìró kan náà tó ń ṣe kọ́, kọ́, kọ́. Mo rò pé mo ti to fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo wò ó, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yọ ti ìrọ̀lẹ́ kúrò nínú ti ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà kan náà ló gbà: nọ́ńbà gidi lókè, òdo láti ọjọ́ kan náà lọ. Mo ṣe ti ibòmíràn tí wọ́n ti ń wo omi létí Òtò, kò sí òdo méjì tó tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀. Ìwáyà nìkan ni. Ọ̀gá Bámgbóyè ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n kàn bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún.

Omi kì í padà wá bẹ́ẹ̀, Ìyá mi. Kò sí bí ọ̀sà ṣe lè ga kó sì lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, kó wá rántí gbogbo rẹ̀ lọ́dún kejì láìyẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fa pépà ọdún tó kọjá síwájú mi kí tẹlifóònù tó dún. Mo fi ìka sórí ìlà ọjọ́ náà. Tẹlifóònù dún. Ohùn náà ní, “Ọmọ mi, omi ní kí n kí ọ.” Ó wá ka nọ́ńbà àárọ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ìka mi ló kà. Ó ka ti ìrọ̀lẹ́ àná, òun náà ló wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi tó ń yọjú wo pépà lórí èjìká mi. Òjò ń lu òrùlé wa ní Yábàá tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé mo ní láti fọwọ́ dí etí mi kejì kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo béèrè pé, “Bàbá, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?” Ohùn náà ní rárá, oòrùn ló ń ràn. Ìgbà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn pé ó ti pẹ́ tí ohùn náà ti béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo gbé e kalẹ̀, mo jáde lọ síta nínú òjò láti yá oòrùn tí kò sí. Ẹ̀gbọ́n Lásísì, awakọ̀ iléeṣẹ́ wa, ló rí mi lábẹ́ òrùlé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ìyàwó wọn a máa lọ ra ẹja ní Ìwáyà. Wọ́n béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì sọ fún wọn pé Bàbá Ṣówándé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí, pé ọ̀rọ̀ wọn kò yé mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n Lásísì wò mí títí. Wọ́n ní, “Fọlákẹ́, ta lo ní ó pè ọ́?” Wọ́n wá sọ pé omi ti gbé Bàbá Ṣówándé lọ. Ó ti ju oṣù kan lọ. Ọkọ̀ ojú omi wọn nìkan ni wọ́n rí, ó dojú dé létí koríko. Mo bi wọ́n ní ọjọ́ tó jẹ́. Wọ́n rántí, torí ọjọ́ yẹn ni ìyàwó wọn dé láìrí ẹja rà, gbogbo àwọn apẹja ti lọ wá èèyàn. Mo padà wọlé, mo wo pépà. Ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ yẹn ni nọ́ńbà gidi parí. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni òdo àkọ́kọ́.

Ibi tí Ìyá Mùlíkà gbọ́ ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, torí mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tó yà sọ́dọ̀ mi, ó sì wọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ kejì. N kò dá a lẹ́bi. Èmi náà kò sùn. Bí mo bá di ojú, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ náà, kọ́, kọ́, kọ́.

Ọ̀gá Bámgbóyè náà kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọn yóò bá mi wí, ṣùgbọ́n ojú wọn fàro nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n sì sọ pé ohun tó ń bẹ àwọn lọ́kàn jù ni ìwé tí àwọn ti fọwọ́ sí pé kí àwọn ará Ìwáyà jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n Lásísì gbé mi lọ láàárọ̀, àwọn fúnra wọn yóò jókòó ti tẹlifóònù.

A dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó kí àkókò ìpè tó tó. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rọ pákó kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyẹ̀fun igi rin gbingbin lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ṣí sílẹ̀, ọkùnrin kan dúró níbẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tó gbé tẹlifóònù sétí. Obìnrin kan dúró tì í. Mo gbọ́ ohùn náà. Kò sí wáyà láàrin wa mọ́, kò sí ariwo tẹlifóònù. Ohùn Bàbá Ṣówándé gan-an ni, ó ń sọ fún Ọ̀gá Bámgbóyè kí wọ́n bá òun sọ fún ọmọ òun pé omi ní kí òun kí i. Èmi ló ń kí, èmi sì rèé lẹ́yìn rẹ̀. Mo di Ẹ̀gbọ́n Lásísì lápá mú, mo sì gbọ́ tí àwọn náà ń rọra ka àdúrà wọn.

Ọkùnrin náà ka nọ́ńbà láti orí pépà kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀, ó yíjú. Kì í ṣe òkú, Ìyá mi. Àbúrò Bàbá Ṣówándé ni, ọmọ ìyá kan náà, ohùn kan náà ni Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì. Ìyàwó Bàbá ni obìnrin tó dúró tì í. Irun dídì wà lórí wọn, aṣọ aláràbarà ló wà lára wọn. Kò sí ohun tó jọ ọ̀fọ̀ lára wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ mi, Màmá Ṣówándé dì mọ́ mi bí ẹni tó ti ń retí mi tipẹ́. Wọ́n ní ọkọ àwọn máa ń sọ̀rọ̀ mi nídìí oúnjẹ.

Wọ́n mú wa lọ sílé, lórí afárá pákó. Mo wo ìsàlẹ̀ láàrin pákó kan sí èkejì, omi ti ń lá ìdí rẹ̀. Nínú ilé, Màmá gbé ẹní sórí àpótí kí ó má baà rin. Àbúrò Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kò gbà pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú, níwọ̀n ìgbà tí omi kò tíì gbé òkú wọn wá. Wọ́n ní apẹja kan wà rí tí ìjì gbé dé Ẹ̀pẹ́, tó sì padà wá. Wọ́n ní bí ìpè bá dá, iléeṣẹ́ yóò fi ẹlòmíràn sípò. Bí ọkọ àwọn bá wá dé, kí ni wọn yóò bá? Wọ́n bẹ àbúrò ọkọ wọn pé kó máa pè, kó sì máa kí mi bí Bàbá ṣe ń kí mi. Àbúrò náà kò sì lè lọ sídìí igi ìwọ̀n. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bá wọn yí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun padà, tí òun kò bá nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ òun kò tíì lè wọ ọkọ̀ mọ́. Ó wá nọ́ńbà tó máa kà. Pépà tí ẹ̀rọ wa tẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń bá wa wo omi, wà nínú ilé. Ibẹ̀ ló ti ń ka nọ́ńbà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní torí nọ́ńbà ibẹ̀ kò jọ ti ọjọ́ òjò ni òun fi sọ fún mi pé oòrùn ń ràn. Nọ́ńbà tí èmi fúnra mi tẹ̀ ló ń padà bọ̀ sí mi létí.

Inú kò bí mi. Mo fẹ́ kí inú bí mi, kò bí mi. Mo kàn sọ fún wọn pé nítorí nọ́ńbà yìí, wọ́n ti kọ̀wé pé kí gbogbo àdúgbò yìí má kúrò. Àbúrò Bàbá fọwọ́ bojú. Màmá dìde, wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀, àwọn yóò fi omi tòótọ́ hàn mí.

Ẹ̀yin mọ̀ pé n kò mọ̀wẹ̀. Mo jókòó sáàrin ọkọ̀ náà, mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja bo ojú omi, kò jẹ́ ká rí jìnnà. Màmá ń wa ọkọ̀ láìdún. Bí a ṣe ń lọ, mo rí i pé wọ́n ń wo abẹ́ omi ní ọ̀tún, wọ́n ń wo ní òsì, ojú wọn kò sinmi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń wá nǹkan. Wọ́n ní láràárọ̀ ni àwọn ń jáde, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, láti wá ọkọ àwọn. Bí àwọn bá dé ìdí igi ìwọ̀n, níbi tí Bàbá ti máa ń dúró, àwọn á fi ọ̀bẹ fín ibi tí omi dé sí ara rẹ̀, torí Bàbá kò ní fẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìwò ó. Àwọn kò mọ nọ́ńbà kà, nítorí náà àwọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Igi náà yọ sí wa láti inú èéfín. Díẹ̀ ló kù kí omi bò ó. Ojú ọ̀bẹ tuntun kan wà lókè omi díẹ̀, òmíràn wà níbi tí omi gan-an dé. Ìyókù ti wà lábẹ́ omi. Màmá ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọkàn mi kò fẹ́, ṣùgbọ́n mo ká apá súwẹ́tà mi, mo ki ọwọ́ bọ omi dúdú náà, mo sì ń fi ìka tọ́ igi náà lọ sísàlẹ̀. Mo kan ojú ọ̀bẹ kan. Mo kan òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tò lábẹ́ ara wọn, láràárọ̀, láràárọ̀, títí omi fi dé èjìká mi. Òpó ni, Ìyá mi. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ wa ní òdo, wọ́n wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn, obìnrin kan ló fín wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹja. Ìgbà kan wà tí nǹkan rírọ̀ kan fara kan ọwọ́ mi lábẹ́ omi, mo sì kígbe. Màmá béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí n kò lè gbàgbé, pé, “Ṣé àwọn ni?” Ewé omi ni. Mo sọ fún wọn pé ewé omi ni. Wọ́n mi orí, wọ́n sì tún àjẹ̀ dì mú.

Mo fi ìka wọn ojú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan láti ibi nọ́ńbà tó ṣì hàn lórí igi náà, mo sì ń fi bírò kọ wọ́n sí apá mi kejì, torí pépà ti rin. Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì, n kò bọ́ aṣọ tútù kúrò lára. Ọ̀gá Bámgbóyè dì mí lápá mú, wọ́n ń kà á sí mi létí, mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo yọ omi ọdún tó kọjá kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀. Kò sí òdo kankan. Nọ́ńbà náà ń pọ̀ sí i láti ìlà dé ìlà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, èyí tó kẹ́yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ pákó ilé tí mo ti kúrò láàárọ̀ yẹn dọ́gba. Ọ̀gá fa pépà náà ya kó tó jáde tán, wọ́n sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Wọ́n sọ fún wọn pé ìwé tí àwọn kọ́kọ́ kọ kò tọ̀nà, wọn kò sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn lọ sínú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan lókè. Àwọn kan kò fẹ́ lọ. Màmá Ṣówándé ló lọ láti ilé dé ilé, àwọn tó ń bá wọn jiyàn sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Omi wọlé lẹ́yìn náà. Ó gbé ilé bíi mélòó kan lọ, ó gbé ẹran, ó gbé ẹja yíyan tí wọ́n ti kó jọ. Kò gbé èèyàn kankan.

Igi tuntun ni wọ́n rì síbẹ̀ báyìí. Ọ̀gá ní kí Màmá máa bá wa wo omi lọ. Ẹ̀gbọ́n Lásísì kọ́ wọn ní nọ́ńbà, kò gba àkókò púpọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń pè mí báyìí, pẹ̀lú ohùn tiwọn. Wọn kì í pẹ́. Wọn á ka nọ́ńbà, wọn á ní ó dàárọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ka nọ́ńbà tán, wọn kò sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Mo dúró. Wọ́n ní ní àná, àwọn ẹbí pé jọ, wọ́n ti ṣe àdúrà fún ọkọ àwọn. Àwọn ti tú irun àwọn. Wọ́n wá bi mí bóyá orúkọ Bàbá ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Lóòótọ́, orúkọ ẹni tó ń wo omi máa ń wà lórí ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì fọwọ́ kan ti Ìwáyà láti ìgbà náà. Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, kí n fi Móríámọ̀ sí i, orúkọ tiwọn nìyẹn. Mo ní mo gbọ́, màá ṣe é tó bá yá. Wọ́n ní rárá, kí n ṣe é nísinsìnyí, àwọn yóò dúró.

Mo fi tẹlifóònù sáàrin etí àti èjìká. Mo ṣí fáìlì náà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ pákó ń ké. Mo pa Ṣówándé rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, mo tẹ Móríámọ̀ síbẹ̀, mo ní kí ẹ̀rọ tẹ ìlà náà jáde fún mi. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé ó ti tán?” Mo ní ó ti tán, Màmá. Wọ́n ní o ṣé. Wọn kò tíì gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun.

Ìyá mi, mo dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n máa bọ̀ wálé. Màá wá nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n màá tún padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kí ẹ pẹ́ lórí àwa ọmọ yín, kí ilé má tú, kí ọ̀nà má nà wá. Ẹ bá mi gbé ọmọ tuntun náà mọ́ra, ẹ sọ fún un pé Àǹtí rẹ̀ ń bọ̀. Ẹ kí Àǹtí mi, ẹ kí gbogbo ará ilé wa àti ará ṣọ́ọ̀ṣì tó gbàdúrà fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kí Ìyá Mùlíkà náà pàápàá. Inú mi kò bí sí i.

Èmi ni, pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀,
ọmọ yín,
Fọlákẹ́